Wáṣà Tí A Kò Rí Òkú Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Àmúdà mẹkáníìkì ṣe gbajúmọ̀ tó ní Ṣakí, kó lọ dúró lójú ọ̀nà Ìgbòho láàárọ̀, kó máa gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń fun fèrè kí i. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni mẹkáníìkì tó wà nílùú o, wọ́n pọ̀ bí eèrà. Ṣùgbọ́n Àmúdà ní ìwà kan tí àwọn yòókù kò ní: kò lè rí nǹkan tó bàjẹ́ kó má fẹ́ mọ ohun tó bà á jẹ́. Ẹlòmíràn á pààrọ̀ ohun tó kú, á gbowó, ó parí. Àmúdà á gbé ohun tó kú náà lé àtẹ́lẹwọ́, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á máa bi í léèrè bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ tán, á gbé e fún ẹni tó ni ọkọ̀: "Òkú rẹ̀ rèé. Ẹ mú un lọ sílé." Kò sí ohun tó tú kúrò lára ọkọ̀ tí kì í fi òkú rẹ̀ lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Àwọn kan á sọ tiwọn nù kí wọ́n tó dé ìkóríta. Ìyẹn ò kàn án.

Ó ti tó ọdún kan báyìí tí Àmúdà ti ń gbé àṣírí kan káàkiri, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ò sì ní bá a bò ó. Ojú rẹ̀ ń lọ. Òkèèrè ṣì dára díẹ̀. Ohun tó bá wà nítòsí, pàápàá níbi tó bá ṣókùnkùn bí abẹ́ ọkọ̀, bàìbàì ni. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún Sodiqat ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn gba fírídọ́ọ̀mù lọ, kò gba òmíràn, torí ojú ọmọ iṣẹ́ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ọ̀gá. Ọwọ́ ló wá fi ń ríran. Àtàǹpàkò ló fi ń wọn ẹnu sípánà, èékánná ló fi ń wá ibi tí irin ti sán. Ọwọ́ náà mọ iṣẹ́, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ta ni yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún mẹkáníìkì tí kò ríran? Ìbéèrè yìí ló ń bá a sùn, òun náà ló ń bá a jí. Ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló ní láyé, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, Cornelius gbé ọkọ̀ wá. Cornelius ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìgbòho, Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti jẹ́ oníbàárà Àmúdà, bí wọ́n sì ṣe bára wọn mu kò yani lẹ́nu, torí Tíṣà náà kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìtú ìdí rẹ̀. Gbogbo òkú irin tí Àmúdà ń kó fún un, inú agolo mílíìkì kan ló ń kó wọn sí, ó ń kọ ọjọ́ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó da sìmẹ́ǹtì síwájú ilé torí kó lè rí ibi gúnwà sí.

"Bàbá Sodiqat, ọ́ìlì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi pààrọ̀," ó ní.

Àmúdà wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó tú bóòtù ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì dúdú ya sínú bàsíà. Bó ṣe ń dúró kó ro tán, ó ń fi ìka yẹ bóòtù náà wò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bóòtù yẹn kì í dá wà. Wáṣà kan ló máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, òrùka pẹlẹbẹ kan báyìí, irin rírọ̀. Bí a bá ń di bóòtù, wáṣà á tẹ̀ pẹ̀lẹ̀mù láàárín bóòtù àti páànù tó gba ọ́ìlì dúró, á sì dí gbogbo ibi tí ọ́ìlì lè gbà yọ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń tẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní Ṣakí níbí, bí mẹkáníìkì mẹ́wàá bá wà, méjì ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù á nù ún, wọ́n á dá a padà, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọkọ̀. Àmúdà wà lára àwọn méjì.

Lọ́jọ́ yìí, ìka rẹ̀ yí ọrùn bóòtù ká, kò kan wáṣà kankan.

"Wọn ò tiẹ̀ fi wáṣà sí i," ó ké láti abẹ́ ọkọ̀. "Àwọn òyìnbó náà ń gbàgbé nǹkan."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó ránṣẹ́ sí Àwáwù.

Àwáwù ló ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní òdìkejì títì. Bàbá rẹ̀ ló dá ìtajà náà sílẹ̀, ọ̀rẹ́ Àmúdà ni bàbá náà títí ọlọ́jọ́ fi dé, nítorí náà ojú Àmúdà ni Àwáwù ṣe dàgbà tó fi di Ìyá Ṣùkúrù. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ni. Ó fúnra rẹ̀ mú wáṣà tuntun wá, Àmúdà fi sí i, ó dì í, ó rọ ọ́ìlì tuntun. Tíṣà sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, Tíṣà padà wá. Ó gbé páálí kan dání.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Sodiqat. Ẹ wo ohun tí mo bá lábẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀ yìí."

Ó ti fi báírò yí gbogbo ibi tí ọ́ìlì kán sí ká, ó kọ aago tó kán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Àmúdà ò rí báírò, kò rí aago. Ó fi àtàǹpàkò ra páálí náà, ìka rẹ̀ sọ fún un.

"Ọ́ìlì ni lóòótọ́," ó ní. "Èyí yà mí lẹ́nu o."

Ó yà á lẹ́nu tinútinú. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe ní ìgbà àìmọye kì í sọ fún un pé òun ò parí. Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú bóòtù, ó yọ wáṣà tó fi sí i, ó fi ìka yí i ká. Ó tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan tẹ̀ ju apá kan lọ. Kí ló dé? Bí òun bá di bóòtù, tí wáṣà sì jẹ́ wáṣà, kí ló kù? Ẹ̀rù wá bà á díẹ̀ níbẹ̀ yẹn, torí èrò kan fẹ́ wọlé, èrò nípa ojú. Ó yára ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó gbé wáṣà náà fún Tíṣà.

"Òkú rẹ̀ rèé. Wáṣà yìí ò dára, ó fẹ́lẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Àwáwù."

Ká ní ó lọ bá a ní jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le. Àgbà tó bá ń sá fún ohun kan nínú ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Iwájú ìtajà náà ni àwọn ọlọ́kadà máa ń jókòó sí, mẹkáníìkì méjì wà níbẹ̀, Rótìmí awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Òkèhò náà wà níbẹ̀. Àmúdà dúró lójú gbogbo wọn, ó ní, "Àwáwù, irú wáṣà wo lò ń tà fún wa? Ṣé o fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àwọn ènìyàn kú sójú ọ̀nà ni?"

"Bàbá Sodiqat, inú páálí kan náà ni mo ti ń tà fún gbogbo yín," Àwáwù dáhùn. "Ẹnikẹ́ni ò tíì wá sọ pé ó jò."

"Èmi ni mo ń sọ ọ́ yìí. Ṣé màá purọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí Àmúdà bá ní irin kan ò dára ní Ṣakí, irin náà ò dára nìyẹn. Àwáwù mú wáṣà mìíràn fún un láti inú páálí tí kò tíì ṣí. Àmúdà lọ fi sí i, ó dì í le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Tíṣà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn mẹkáníìkì ti ń dá wáṣà padà fún Àwáwù. Láti orí wáṣà, ó kan bẹ́líìtì, ó kan fílítà. Rótìmí tó ra pọ́lọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá wá bá a níṣojú oníbàárà mìíràn, ó ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn tó mọ ìtàn jù wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ṣebí Àdìjátù, ìyàwó àbúrò Àmúdà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí irú ìtajà kan náà sí ẹ̀bá gáréèjì? Òun ni Àmúdà ń palẹ̀ mọ́ fún. Àmúdà gbọ́ èyí, ó bínú, torí kò rò ó rí. Ṣùgbọ́n kò lọ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó dá a lójú pé wáṣà ló jẹ̀bi, àbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: ó fẹ́ kó dá a lójú.

Sátidé kejì, Tíṣà tún dé. Páálí tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, agolo mílíìkì náà wà lábíyá. Àmúdà ti mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó tún ń jò," Tíṣà ní. "Bàbá Sodiqat, ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí mi. Tí a ò bá mọ ìdí rẹ̀ lónìí, Ìbàdàn ni màá gbé e lọ. Kò wù mí, àmọ́ mi ò lè máa wakọ̀ tí ọ́ìlì ń ro dànù."

"Ẹ ò jẹ̀bi," Àmúdà dáhùn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Bí Tíṣà bá lọ, gbogbo olùkọ́ Ìgbòho á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Àmúdà.

Kí wọ́n tó gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, Àwáwù ti sọdá títì. Ó gbé páálí wáṣà rẹ̀ dání, ó jókòó lórí táyà kan.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ," ó ní. "Mo fẹ́ wo bí wáṣà mi ṣe ń jò lónìí."

 Àmúdà fi àkísà àti pẹtiróòlù nu gbogbo ìdí ẹ́ńjìnnì títí ó fi gbẹ. Ọgbọ́n kan wà tó ti kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀: bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń yọ, da ìyẹ̀fun sí ibẹ̀, ibi tó bá kọ́kọ́ tutù ni ilé olè. Kò sí ìyẹ̀fun nítòsí. Àwáwù tó ní òun wá wòran tú báàgì rẹ̀, ó na àtíkè ojú sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní kí-ló-dé nínú, kò sí ẹni tí kì í wọ̀ lára. Wọ́n fi àtíkè kun abẹ́ ọkọ̀ náà funfun báláú, ó wá ń rùn bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Tíṣà ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n ń dúró.

"Ẹ bá mi bojú wò ó, Tíṣà," Àmúdà ní. "Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀. "Ìdí bóòtù ni," ó ní lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Ibòmíràn gbẹ. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bóòtù náà gan-an."

"Ẹ rí i pé wáṣà ni," Àmúdà sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò le mọ́. Wáṣà méjì láti inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn méjèèjì jò níbì kan náà? Òun fúnra rẹ̀ ì bá ti fi mẹkáníìkì tó sọ irú rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Tíṣà dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò, ó ṣí agolo mílíìkì. Ó mú wáṣà kan jáde.

"Ohun kan wà tí kò yé mi," ó ní. "Èyí ni òkú wáṣà tí ẹ fún mi nígbà tí mo wá lẹ́ẹ̀kejì, èyí tuntun tí ẹ fi sí i ní Sátidé àkọ́kọ́. Òkú ti ìṣáájú rẹ̀ dà? Láti ọdún méjìdínlógún yìí wá, ẹ ò tíì tú nǹkan láìfún mi lókùú rẹ̀."

"Kò ní. Mo sọ fún yín nígbà yẹn. Bóòtù náà ò ní wáṣà."

"Mo rántí. Mo sì gbà á." Tíṣà fi ìka gbo àgbọ̀n. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí wá láti òkè òkun láìní wáṣà, kò jò. Ó dé Èkó, kò jò. Mo wà á fún oṣù kan lórí sìmẹ́ǹtì tí mo ń gbá láràárọ̀, mi ò rí ẹ̀kán kan. Ìgbà tí a wá fún un ní wáṣà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bàbá Sodiqat, ṣé ó yé ẹ̀yin?"

 Àwáwù gbójú sókè lórí táyà rẹ̀.

Ohun tó ṣe Àmúdà ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹni tó bá ti wá nǹkan rí ló lè mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó gbàgbé Ìbàdàn, ó gbàgbé Àwáwù, ó tiẹ̀ gbàgbé ojú. Òkú wáṣà kan wà níbì kan tí a kò tíì rí! Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ bí ọmọ ogún ọdún, ó tú bóòtù, ó jẹ́ kí ọ́ìlì tuntun ro sínú bàsíà tó mọ́. Ó ti ìka bọ ẹnu ihò náà. Ó fi ìka rìn yí i ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yẹ kí ojú páànù tẹ́ títí dé etí ihò. Kò tẹ́. Ìpele kan wà níbẹ̀, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ tó ní èépá ò lè mọ̀ ọ́n. Ìgbà méjì tó ti kọ́kọ́ dé abẹ́ ọkọ̀ yìí, ara bóòtù ni gbogbo ọkàn ìka rẹ̀ wà, kò bá ẹnu ihò sọ̀rọ̀. Ó ti èékánná bọ abẹ́ ìpele náà, ó fi ẹnu sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Nǹkan kan ta jáde, ó bọ́ sí i láyà.

Wáṣà ni. Ògbólógbòó wáṣà tó bá ọkọ̀ náà wá láti òkè òkun. Ìgbà tí Àmúdà tú bóòtù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò bá bóòtù jáde, ó lẹ̀ mọ́ páànù, ó jókòó síbẹ̀. Òun ni Àmúdà fi tuntun lé lórí. Irin méjì gun ara wọn, ọ̀kan ti le bí òkúta, ìkejì ń wá ibi tí yóò tẹ̀ sí, ọ́ìlì wá rí ọ̀nà láàárín wọn.

Àmúdà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀ títí ọkọ̀ fi fẹ́ mì. "Mo ti mú un," ó ní. "Òun ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí." Ó yọ jáde, ó na wáṣà náà sókè, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ó ṣe rí fún Tíṣà, Tíṣà mirí, ó ní ọ̀rọ̀ náà wá yé òun. Fún bí ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ení dé ẹẹ́wàá, inú àwọn méjèèjì dùn bí ọmọdé.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó," Àwáwù ní.

Ó gba wáṣà náà, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Tíṣà, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Funfun ni wáṣà yìí," ó ní. "Páànù tó ti wá, dúdú kirikiri ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní í wo ibẹ̀ kó má rí i. Bàbá Sodiqat, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọgbọ̀n ọdún wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rí i, ẹ fi sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa jò, kí ẹ lè rí nǹkan sọ sí mi. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ. Torí Àdìjátù ni."

"Ìyá Ṣùkúrù, ẹ rọra," Tíṣà bọ́ sí i. "Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló bò ó."

"Ìdọ̀tí wo, Tíṣà? Ẹ sì wò ó bó ṣe ń dán." Omi ti dé sí i lójú. "Bàbá mi ò ní ọ̀rẹ́ méjì. Ẹ̀yin nìkan ni."

Àmúdà dúró. Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè bá Tíṣà sọ pé ìdọ̀tí ni, Tíṣà á gbà á nítorí ọdún méjìdínlógún. Àwáwù ò ní gbà á láéláé, kò sì jẹ̀bi. Ọ̀nà méjì péré ló kù fún Àmúdà nílé ayé: kó jẹ́ ìkà, tàbí kó jẹ́ ẹni tí kò ríran. Ọjọ́ gbogbo tó fi ń sá fún ọ̀kan, kò mọ̀ pé èkejì ló ń sá lọ bá.

"Mi ò rí i," ó ní.

"Ẹ ò rí i báwo?"

"Mi ò rí i, Àwáwù. Láti ọdún tó kọjá, ohun tó bá wà nítòsí ti ń ṣe bàìbàì lójú mi. Abẹ́ ọkọ̀ lọ́hùn-ún, òkùnkùn ni. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀." Ó na ọwọ́ náà sí i. "Mo mọ̀ nínú mi pé ó lè jẹ́ èmi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi, ni mo fi sọ pé ìwọ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ bàbá rẹ."

Àwáwù wò ó. Ó gbé wáṣà náà sókè síwájú imú rẹ̀. "Kí ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Ọwọ́ rẹ ni mo rí. Mo mọ̀ pé wáṣà ni torí mo mọ̀ pé òun lo mú."

Àwáwù sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ò tán, ṣùgbọ́n kò rí ibi gbé e lé mọ́. Tíṣà ló kù. Òun ò wo wáṣà, òun ò wo ọkọ̀. Nǹkan kan ti wá sí i lọ́kàn, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Bàbá Sodiqat, bíréèkì bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe é nígbà tí a wọlé ní oṣù kẹsàn-án."

"Èmi ni."

"Ẹ rí ohun tí ẹ ń ṣe?"

"Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Mi ò bi yín léèrè ọwọ́."

 Gbogbo ìbéèrè tó ti ń bá Àmúdà sùn láti ọdún kan, kò sí èyí tó ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nínú.  Tíṣà ti gbé fóònù sétí, ó ń bá dírẹ́bà bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ pé kó má gbé e jáde ní Mọ́ńdè títí mẹkáníìkì mìíràn yóò fi yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Àmúdà jù.

Wọ́n parí iṣẹ́ náà. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ihò tó sì sọ pé ó mọ́. Àwáwù mú wáṣà tuntun jáde láti inú páálí rẹ̀, Àmúdà sì dì í, ó dì í bó ṣe yẹ, kò le jù. Wọ́n da ọ́ìlì padà. Wọ́n ṣáná, wọ́n dúró fún ìgbà pípẹ́, àtíkè tuntun tí wọ́n fi kun ibẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ó ti dáwọ́ dúró," Tíṣà ní. Ó di ọwọ́ Àmúdà mú. "Ẹ lọ tọ́jú ojú yín. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìyá tèmi náà ṣe é. Tí ẹ bá ríran, èmi ni màá kọ́kọ́ dé." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ó ku àwọn méjì. Àwáwù ń tún páálí rẹ̀ dì fún ìgbà pípẹ́ láìnídìí.

"Tíṣà kì í ṣe olófòófó," ó sọ níkẹyìn. "Èmi náà ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé ìdọ̀tí ló bo wáṣà, kí n lè máa tajà mi. Ó tó mi."

Àánú ló fi sọ ọ́, Àmúdà mọ̀. Bó bá jẹ́ àná ni, ì bá gbà á kíá. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ó nu ọwọ́, ó sọdá títì, Àwáwù tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì wà níbẹ̀, Rótìmí fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ wá bá Àmúdà pé kó bá òun gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì òun. Àmúdà dúró sí ibi tó dúró sí lọ́jọ́sí.

"Níbí ni mo ti sọ pé ọjà Àwáwù ò dára," ó ní. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáṣà rẹ̀ dára. Ojú mi ni kò ríran mọ́. Ó ti tó ọdún kan, mo sì ń fi pamọ́ fún yín. Ẹni tí mo bá ti ṣe bíréèkì rẹ̀ láti ìgbà yẹn, kó lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

 Ọlọ́kadà kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó tì í gbá a lẹ́sẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní, "Ọlọ́run á wò ó sàn, bàbá," ó sì wo ilẹ̀.  Rótìmí wọ ọkọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ṣáná, ó kọrí sí Òkèhò.

Àmúdà dúró lójú oòrùn, ó fetí sí ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àwáwù, pè é lórí fóònù. Pọ́lọ́ọ̀gì kan kò ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yẹn. Tó bá gun òkè pẹ̀lú ẹrù, á kú sọ́nà."

Àwáwù fẹ́ sọ pé kí Rótìmí máa lọ, ẹni tó ní kí òun bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó wo ojú Àmúdà, ó pè é. Ó jíṣẹ́ náà fún un bí wọ́n ṣe rán an. Gbogbo wọn gbọ́ ohùn Rótìmí nínú fóònù náà ketekete, kò bínú, ó kàn ń ṣe kàyéfì: ṣebí bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ò ríran, báwo ló ṣe wá rí pọ́lọ́ọ̀gì inú ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tíì ṣí?

"Kò rí i," Àwáwù ní. "Ó gbọ́ ọ ni."